Ta Ló Kun Ojú Ọgbẹ́ Irin?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí aago mẹ́wàá àárọ̀ ku díẹ̀, irin tánkì Àǹtí Lateefah wó ní Múṣín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn, tí ife tíì mì lọ́wọ́ yín, òun nìyẹn. Tánkì omi mẹ́rin ló wà lórí irin yẹn, nínú ọgbà tí Àǹtí ti ń ṣe píọ́ wọ́tà. Irin náà ga débi pé ẹyẹ tó bá fẹ́ bà lé e máa ń kọ́kọ́ dúró sinmi lórí òrùlé mọ́ṣáláṣí. Ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ kán. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù wo ara wọn lójú, àwọn náà bá dọ̀bálẹ̀. Omi tó tú jáde gbé sálúbàtà gbogbo àdúgbò lọ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà kan wà tó ṣì ń lọ nígbà tó dé Ìsọ̀lọ̀.

Awwal tó ń ṣọ́ géètì wà nítòsí. Irin kan bọ́ lé e lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ náà kán. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Sùúrùlérè.

Omi ò tíì gbẹ tí Àǹtí Lateefah fi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù gbogbo tó wà ní òpópónà náà. Ohun kan náà ló ń sọ níbi gbogbo: "Àrínọlá ló ṣe mí báyìí. Ọ̀dà ayédèrú ló fi kun irin mi. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán lábẹ́, èmi ò mọ̀."

Àrínọlá yìí, pẹ́ńtà ni, àmọ́ kì í kun ilé. Irin nìkan ló ń kùn, kó má baà dípẹtà: géètì, ẹsẹ̀ tánkì, abẹ́ mọ́tò. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ọwọ́ ẹ̀ sì mọ́ débi pé eṣinṣin ń wo dígí lára géètì tó bá kùn. Ìgbà ọyẹ́ èṣí ló kun irin tánkì yìí. Ó ti wá sọ fún Àǹtí lójú gbogbo èèyàn pé, "Tó bá dípẹtà kó tó pé ọdún mẹ́wàá, ẹ wá mú mi."

Ọdún kan ò tíì pé. Wọ́n wá mú un.

Ọ̀gá tẹ́ṣàn ní tó bá di Ọjọ́rú, wọ́n ń gbé e lọ kóòtù. Ó kàn fi ọ̀rọ̀ náà lé Inspẹ́kítọ̀ Oyèwọlé lọ́wọ́ kó lọ bá wọn kọ ìwé ẹ̀ parí ni.

Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni Oyèwọlé. Ojú ẹ̀ mú débi pé ó lè ka ìrẹsì inú àpò láìtú àpò, àmọ́ kì í kánjú. Bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ béèrè pé yàrá wo ló bẹ̀rẹ̀. Òun àti Kọ́pùrà Jameelah ló jọ dé ọgbà Àǹtí Lateefah lọ́sàn-án Mọ́ńdè yẹn.

"Ẹ wò ó fúnra yín, ọ̀gá," Àǹtí ní. "Irin tó yẹ kó sìn mí dọjọ́ ogbó."

Oyèwọlé sún mọ́ irin náà. Ó mú kọ́ìnì náírà kan tó ti pẹ́ jáde lápò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà ara irin náà. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló wà lókè. Lábẹ́ ẹ̀, aláwọ̀ eérú. Lábẹ́ eérú, eérú mìíràn tó le bí eyín. Lẹ́yìn náà, irin funfun báláú. Ó ha ibi mẹ́sàn-án.

"Àǹtí, ìpẹtà dà?"

"Á wà níbẹ̀ jàre. Ẹ ha á dáadáa."

"Mo ti ń ha á láti ọjọ́un. Tí mo bá ha á ju báyìí lọ, mo máa bọ́ sí ilé onílé."

Ó wá lọ síbi ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ kán. Ẹsẹ̀ náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú tó kọ sí ògiri ò sì hàn sí ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ó wo ojú ibi tó ti kán. Apá kan níbẹ̀ rí jágajàga, ó tẹ̀, ó ń dán, bí irin tó bá kán fúnra ẹ̀ ṣe máa ń rí. Àmọ́ apá tó pọ̀ jù gún régé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Jameelah, wá wò ó. Kí lo rí?"

"Wọ́n fi ayùn gé e, sà. Wọ́n gé e kù díẹ̀, wọ́n wá fi ìyókù sílẹ̀ fún omi kó bá wọn kán an."

"Kí lo tún rí?"

Jameelah wò ó títí. "Ó pupa."

"Ìpẹtà ni?"

Jameelah fi ìka kàn án. Kò lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ìpẹtà ṣe máa ń lẹ̀. "Ọ̀dà ni, sà. Wọ́n kun ọ̀dà pupa sí ojú ibi tí ayùn gbà."

Oyèwọlé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹ̀ ò sì kọjá ètè. Ó rí nǹkan kan nínú ọ̀dà náà tó dà bí irun, ó dúdú, ó gùn tó ìka àárín. Ó fi orí abẹ́rẹ́ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó wé e sínú bébà, ó fi sápò àyà.

Ní tẹ́ṣàn, Àrínọlá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú sẹ́ẹ̀lì. Oyèwọlé mú un jáde, ó ní kó jókòó sórí àga.

"Àrínọlá, kí lo fi kun irin yẹn?"

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ha ìpẹtà ẹ̀ kúrò títí irin fi funfun. Mo wá fi ọ̀dà alápòpọ̀ kùn ún, èyí tó jẹ́ pé agolo méjì ni wọ́n ń pò pọ̀, tó bá ti gbẹ, òkúta ló dà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùn ún. Mo wá fi aláwọ̀ ewé sí i lókè nítorí oòrùn."

"O ò lo rẹ́dì ọ́sáìdì? Ọ̀dà pupa tí gbogbo wẹ́dà ń lò?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe fírídọ́mù, mi ò lò ó mọ́. Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ ò ní rí agolo ẹ̀ kan. Kì í ṣe pé kò dáa, sà. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó ń fẹ́ wá bá wa ní Èkó, iyọ̀ ló ń gbé bọ̀. Ọ̀dà pupa dà bí agbòjò tó ti lu. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá mi, inú bí wọn. Wọ́n ní mo ń fi ẹnu tẹ́ àwọn láàárín oníbàárà."

"Ta ni ọ̀gá rẹ?"

"Bàbá Abọ́dúndé, ní Èbúté Mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ wọn ni èmi àti Jude ti jọ kọ́ṣẹ́."

"Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ yín?"

Àrínọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ló bá rántí ibi tó wà. "Wọ́n kọ́ wa le. Ọ̀gá mi ò gbà kí irin wà ní ìhòòhò. Tó o bá gé e, tó o fá a, tó o jó o, ọwọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ láì fi ọ̀dà bò ó. Tá a bá gbàgbé, igi búrọ́ọ̀ṣì ni lórí wa. Sà, ṣé wọ́n á gbé mi lọ kóòtù lóòótọ́? Tí wọ́n bá ti fọ́n ọn ká pé ọ̀dà mi ń pa èèyàn, iṣẹ́ mi tán nìyẹn. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe."

"Jẹun ná," Oyèwọlé ní. "Ọjọ́rú ṣì jìnnà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba ọsibítù lọ. Awwal wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú símẹ́ńtì funfun.

"Ẹ̀gbọ́n Awwal, ẹ kú ìrora. Ta ló wọ ọgbà yẹn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí irin tó wó?"

"Ọ̀gá, Sọ́ńdè, a kì í ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún, tó ń fa omi. Jude wá láàárọ̀, ó wá pọn omi tó máa fi fọ mọ́tò. Bàbá Abọ́dúndé wá lọ́sàn-án, wọ́n ní àwọn wá wo iṣẹ́ ọmọ àwọn. Àwọn méjèèjì lọ sẹ́yìn, níbi irin tánkì."

"Ẹ tẹ̀ lé wọn?"

"Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò lórí fóònù. Ikọ̀ mi sì ń fìdí rẹmi. Tí olè bá gbé ilé yẹn lọ tòun ti òrùlé, gbogbo ohun tí mi ò bá sọ ni pé kó yẹ̀ kúrò níwájú fóònù mi."

"Ẹ ò gbọ́ ìró ayùn?"

"Pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ Àǹtí? Tí wọ́n bá yin ìbọn níbẹ̀, ẹni tí wọ́n yìn ín fún ò ní gbọ́."

Láti ibẹ̀, Oyèwọlé kọrí sí Làdípọ̀. Ó bá Jude lábẹ́ mọ́tò kan tí wọ́n gbé sókè, ó ń fi gọ́ọ̀nù alátẹ́gùn fín ọ̀dà dúdú tó ki bí ẹ̀kọ sí abẹ́ ẹ̀, kí omi títì má baà jẹ ẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Jude. Ṣòkòtò ẹ̀ nìkan, ọ̀dà tó wà lára ẹ̀ tó kun bọ́ọ̀sì méjì.

"Ọlọ́pàá," Jude ní, kò jáde. "Tó bá jẹ́ nítorí Àrínọlá, ẹ máa bá tiyín lọ. Ṣebí òun ló mọ ìwé. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, irin mi ò wó."

"Wọ́n ní ìwọ ni Àǹtí Lateefah kọ́kọ́ pè fún iṣẹ́ yẹn."

"Èmi ni. Àrínọlá wá fi gírámà ọdún mẹ́wàá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ kẹta mo rí mọ́tò mìíràn kùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, mi ò dákẹ́ sha. Mo bú u dáadáa."

"Kí lo wá ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

"Omi. Kẹ́ẹ̀gì méjì. Ṣé omi náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Yá mi ní búrọ́ọ̀ṣì rẹ."

Jude wá yọ orí jáde lábẹ́ mọ́tò. "Búrọ́ọ̀ṣì kẹ̀? Láti ọjọ́ fírídọ́mù mi, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Gọ́ọ̀nù ni mò ń lò. Ẹ fẹ́ kí n máa fi búrọ́ọ̀ṣì lá abẹ́ mọ́tò bí ẹni ń fi ọwọ́ lá ọbẹ̀?"

Oyèwọlé wo ilẹ̀ yíká. Irin gígé pọ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn Jude, àwọn tó ti gé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ẹ̀ ti pọ́n bí epo pupa. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà bò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Abọ́dúndé wà ní Èbúté Mẹ́ta, kò jìnnà sí ibi tí rélùwéè gbà. Ogójì ọdún ni Bàbá ti ń kun irin. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn, gbogbo nǹkan ló pupa. Ìṣó ara ògiri, ó ti kùn ún. Ìkọ́ ilẹ̀kùn, ó ti kùn ún. Bí adìẹ bá dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, òun náà á di pupa. Bàbá dìde, ó fún Inspẹ́kítọ̀ ní àga tó dáa jù.

"Ẹ kú ìrìn, ọmọ mi. Ṣé Àrínọlá ti jẹun?"

"Ó ti jẹun, Bàbá. Ẹ lọ wo iṣẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

"Mo lọ. Bàbá tó bímọ kò ní í ṣàì wo ọmọ ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn dáa lójú. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀dà ìgbàlódé, ẹwà ló ní. Èmi ti kun irin rélùwéè tí òjò ti ń pa láti ìgbà tí wọn ò tíì bí Àrínọlá, ó ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ rò pé ọ̀dà ẹ̀ ló fà á?"

"Irin ló wó. Irin kì í purọ́," Bàbá dáhùn, ojú ẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n lù ú níbẹ̀."

Oyèwọlé ní kó jọ̀ọ́ wá sí ọgbà Àǹtí Lateefah ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Jude náà.

Aago mẹ́rin lù, gbogbo wọn pé. Àǹtí Lateefah jókòó sórí àpótí. Jude fara ti ògiri, ó ń tẹ fóònù. Jameelah mú Àrínọlá wá láti tẹ́ṣàn. Bàbá Abọ́dúndé jókòó, báàgì iṣẹ́ ẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó dé, Oyèwọlé ti ní kí Jameelah fá ọ̀dà ibì kan kúrò lára irin tó wà nílẹ̀, tó gùn tó apá, títí irin fi ń dán bí àwo fàdákà. Ó wá wọ́n omi sí i. Iwájú àga Bàbá gan-an ló wà.

"Ẹ ní sùúrù," Oyèwọlé ní. "Ọ̀gá tẹ́ṣàn ń bọ̀. Tó bá dé la máa bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá tẹ́ṣàn ò ń bọ̀ níbì kankan. Oyèwọlé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Ogbómọ̀ṣọ́ fún wọn. Ó sọ ti ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ tó ra kẹ̀kẹ́, ó sọ orúkọ kẹ̀kẹ́ náà, ó sọ gbogbo òkè tí kẹ̀kẹ́ náà gùn. Ìtàn yẹn gùn débi pé irungbọ̀n Jude tún hù lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ọ̀gá," Jude ní, "ṣé kẹ̀kẹ́ yẹn ló gé irin ni?"

Bàbá Abọ́dúndé ò gbọ́ ìtàn kankan. Irin tó wà níwájú ẹ̀ ló ń wò. Ó wo ibòmíràn, ojú ẹ̀ tún padà. Omi ara irin náà ti ń gbẹ, etí ẹ̀ kan ti fẹ́ máa pọ́n. Ó fi bàtà ẹ̀ ti irin náà sẹ́yìn díẹ̀. Ó yọ áńkáṣífù, ó nu omi ẹ̀. Ó jókòó padà. Nígbà tó ṣe, ó mí kanlẹ̀, ó ṣí báàgì, ó mú agolo mílíìkì kan tó ní ọ̀dà pupa jáde, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kun irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìtàn kẹ̀kẹ́ dúró níbẹ̀.

"Bàbá," Oyèwọlé ní, ohùn ẹ̀ ò lọ sókè, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní búrọ́ọ̀ṣì yẹn."

Bàbá nà án sí i. Irun ẹ̀ dúdú, ó gùn.

"Irun kí lèyí?"

"Irun ìrù màálù ni. Èmi fúnra mi ni mo ń dì í. Mo máa ń gbà á lọ́wọ́ àwọn alápatà. Ti inú ọjà máa ń já irun sínú iṣẹ́."

Oyèwọlé tú bébà àpò àyà ẹ̀. "Tiyín náà já, Bàbá. Ẹyọ kan péré."

Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá. Jude gan-an gbé fóònù sápò.

"Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín," Oyèwọlé ní. "Mo ha irin yìí káàkiri, kò sí ìpẹtà. Ọ̀dà Àrínọlá ò jẹ̀bi nǹkan kan. Wọ́n fi ayùn gé ẹsẹ̀ kan níbi tó kọ sí ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ ba nǹkan jẹ́, á gé e, á sì sá lọ. Ẹni tó gé èyí kò lè sá lọ. Ó ti dá irin lọ́gbẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ò gbà fún un kó fi ọgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ó kun ojú ẹ̀ kó má baà dípẹtà. Irin tó fẹ́ kó wó, ó tún ń ṣìkẹ́ ẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀: Bàbá, Jude, Àrínọlá. Àrínọlá ò ní ọ̀dà pupa nílé; Jameelah ti yẹ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wò. Jude ti gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Irin ìhòòhò tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tó irin bíríìjì."

"Ẹ ṣé o," Jude ní. "Ìyẹn náà, ṣé ìyìn ni?"

"Lónìí, ìyìn ni."

Àǹtí Lateefah ti fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, ẹ̀yin?"

Bàbá Abọ́dúndé jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Mo gé e," ó ní. "Mo rò pé á wó lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan náà, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́. Mo gbàgbé pé tánkì ò tíì kún. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn sọ pé ti àtijọ́ ló dáa. Oníbàárà ogún ọdún wá bá mi, ó ní òun fẹ́ irú èyí tí Àrínọlá ń kùn. Lójú mi, lórí ìjókòó mi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá kùn ún, Bàbá?"

Ó wo búrọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ Inspẹ́kítọ̀. "Mi ò mọ̀ pé mo kùn ún."

Àrínọlá ti ń sunkún láìdún. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá ẹ̀, torí ó di dandan kó kúnlẹ̀, ohun yòówù kí Bàbá ṣe. "Ọ̀gá mi," ó ní, "ẹsẹ̀ Awwal ńkọ́?"

Bàbá dìde fúnra ẹ̀, ó dé agolo ọ̀dà náà dáadáa, ó gbé e fún Jameelah, ó sì ṣáájú lọ síbi mọ́tò ọlọ́pàá.

Oyèwọlé yíjú sí Àrínọlá. "Máa lọ sílé. Kò sí kóòtù fún ẹ lọ́la, àfi tí wọ́n bá pè ọ́ wá jẹ́rìí."

"Ẹ ṣé, sà." Àmọ́ kò lọ. Ó nu ojú, ó dojú kọ Àǹtí Lateefah. "Àǹtí, ṣọ́ọ̀bù mélòó lẹ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

"Àrínọlá, ọmọ mi, má bínú. Inú ló bí mi. Mo máa pè wọ́n lórí fóònù."

"Ẹ ò pè wọ́n lórí fóònù nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ lẹ fi rìn. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

Àǹtí Lateefah wo Inspẹ́kítọ̀. Inspẹ́kítọ̀ ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀. Kò sí kùrukùru kan.

Bí wọ́n ṣe bọ́ sí títì nìyẹn. Àǹtí Lateefah wà níwájú, gèlè ẹ̀ ti wọ́, Àrínọlá tẹ̀ lé e ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta káàdì, wọ́n dé ọ̀dọ̀ télọ̀, wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta àgbo. Níbi gbogbo, Àǹtí á dúró, á wúkọ́, á ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá, irọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀dà Àrínọlá. Wọ́n fi ayùn gé irin mi ni."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ fọganáísà tó wà ní kọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ò jẹ́ kí Àǹtí la ẹnu. Ó ti ń wo Àrínọlá.

"Pẹ́ńtà, ẹ káàbọ̀. Géètì mi ń dípẹtà, ìgbà wo lẹ lè wá wò ó?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," Àrínọlá ní. "Ẹ jẹ́ kí Àǹtí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán."